Àròkọ Onísọ̀rọ̀gbèsì: Ṣé Pẹ́náritì Ni Tàbí Kì í Ṣe Pẹ́náritì?

ÌFÁÀRÀ

Àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì ni àròkọ tí a fi ìtàkùrọ̀sọ ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé kalẹ̀. Ó yàtọ̀ sí àròkọ alárìíyànjiyàn. Nínú àròkọ alárìíyànjiyàn, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó ń bá alága àti àwọn olùgbọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ti yan apá kan kí ó tó dìde. Ṣùgbọ́n nínú àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì, àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu nìkan ni a ń gbọ́. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ lè ronú fún apá méjèèjì.

Orúkọ àròkọ yìí ti sọ ohun tí ó jẹ́: ẹnì kan sọ̀rọ̀, ó sì gba èsì. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwọn olùdánwò ni pé wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀, wọn kì í kọ èsì. Ẹni àkọ́kọ́ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni", ẹnì kejì á ní, "Bẹ́ẹ̀ kọ́", wọn á sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí ojú ìwé yóò fi kún. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀gbèsì, ariwo ọjà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì gidi yóò kọ́kọ́ di ọ̀rọ̀ tí ẹnì kejì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mú. Yóò gbà á tàbí kí ó tú u palẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

Bí a bá rìn láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, kò sí ibi tí a ti lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì tó ibi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá péjọ sí. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín.

ÌBÉÈRÈ

Nínú ìdíje bọ́ọ̀lù kan ní ìlú rẹ, aṣọ́lé kan fi ara kọ lu ọ̀rẹ́ rẹ, ó sì ṣe é léṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ kan ní àdúgbò ni rẹfirí, kò sì fún yín ní pẹ́náritì. Kọ ọ̀rọ̀gbèsì tí ó wáyé láàrin ẹ̀yin méjèèjì ní ọjọ́ kejì.

MÍMÚRA SÍLẸ̀

Kí o tó mú gègé, kọ́kọ́ bi ara rẹ pé, "Kí ni a ń jiyàn lé lórí gan-an?" Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn ènìyàn sábà máa ń pò pọ̀ nínú irú ọ̀rọ̀ yìí:

(a) Ṣé agbábọ́ọ̀lù náà ṣẹ̀ sí òfin?
(b) Níbo ni ó ti ṣẹ̀?
(d) Báwo ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe le tó?

Òfin kejìlá eré bọ́ọ̀lù ni ó sọ nípa ẹ̀ṣẹ̀, òfin kẹrìnlá ni ó sì sọ nípa pẹ́náritì. Bí agbábọ́ọ̀lù bá ti alátakò rẹ̀, tí ó fò lù ú, tí ó ta á nípàá tàbí tí ó fẹsẹ̀ kọ́ ọ lọ́nà àìfarabalẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Bí ó bá sì ṣe é nínú àyíká ojú ilé ẹgbẹ́ tirẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà nínú eré, pẹ́náritì ni. Aṣọ́lé kò ní òfin tirẹ̀ lọ́tọ̀ lórí èyí. Àyíká ojú ilé yìí ni àwọn ọmọ wa ń pè ní éétíìnì, nítorí pé ọ̀pá méjìdínlógún (18) ni wọ́n wọ̀n láti ìdí òpó kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ àti síwájú. Ojú ibi tí wọ́n ti ń gba pẹ́náritì jẹ́ ọ̀pá méjìlá (12) sí ilé.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ ìwọ̀nba òfin yìí kò lè kọ àròkọ náà dáadáa, bí ó ti wù kí èdè rẹ̀ dùn tó.

ÌLAPA ÈRÒ

1. Ìkíni, àti ohun tí ó gbé Àbúrò wá.
2. Àwíjàre Ẹ̀gbọ́n: bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ ọmọ náà.
3. Àpẹẹrẹ Ẹ̀gbọ́n láti inú Ife Àgbáyé ọdún 1982, àti èsì Àbúrò.
4. Àpẹẹrẹ ti Nàìjíríà ní ọdún 1994, tí ó mú kí Àbúrò yí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ yẹ̀ wò.
5. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an lójú Ẹ̀gbọ́n.
6. Ẹ̀bi ti Àbúrò náà, àti ìparí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

(Àgọ́ ìhunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn, ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n jókòó sídìí òfì, ó ń hun aṣọ. Òun ni ó ṣe rẹfirí eré àṣekágbá láàrin ilé-ẹ̀kọ́ méjì ní àná, nítorí pé ẹni tí wọ́n ń retí kò dé. Ẹgbẹ́ Àbúrò pàdánù pẹ̀lú góòlù kan sí òdo. Àbúrò wọlé.)

ÀBÚRÒ: Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹ̀GBỌ́N: Káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí? Mo rò pé o ò ní kí mi mọ́ ni. Lánàá, ńṣe lo gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

ÀBÚRÒ: Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń bọ̀ báyìí. Eyín iwájú ọ̀rẹ́ mi méjì ló yọ. Kò lè jẹ nǹkan kan, ẹ̀kọ gbígbóná ni ìyá rẹ̀ ń fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin lẹ sì mú fèrè lọ́wọ́, ẹ ò fọn ọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn dùn mí dọ́kàn. Ṣùgbọ́n àánú lọ́tọ̀, òfin lọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ ti gbá bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́sẹ̀ kí aṣọ́lé tó kàn án. Bọ́ọ̀lù náà sì gba ẹ̀gbẹ́ òpó jáde. Kí ni mo tún fẹ́ fún un? Ó ti jẹ àǹfààní tirẹ̀ tán. Mo bá fún wọn ní góòlù kíìkì.

ÀBÚRÒ: Mo gbà pé bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, n ò ní ba yín jiyàn ìyẹn. Àmọ́ nígbà tí aṣọ́lé fò lù ú, ṣé bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà ni, àbí ó ṣì ń yí lọ?

Ẹ̀GBỌ́N: Ó ṣì ń yí lọ.

ÀBÚRÒ: Bí ó bá ṣì ń yí lọ, a jẹ́ pé eré ò tíì dúró. Olùkọ́ eré ìdárayá wa ti ka òfin náà sí wa létí. Níbikíbi tí bọ́ọ̀lù ì báà wà lórí pápá, bí ẹ bá ti ṣẹ alátakò yín nínú éétíìnì yín, pẹ́náritì ni.

Ẹ̀GBỌ́N: O ti kàwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ dá irú ẹjọ́ yìí. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Keje ọdún 1982, Faransé àti Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn pàdé ní ìlú Seville, ní ilẹ̀ Sípéènì, nínú Ife Àgbáyé. Ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ni. Platini fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí Battiston. Battiston gbá a, kò wọlé. Schumacher, aṣọ́lé Jámánì, fò sókè, ó sì fi ara kọ lù ú. Battiston dákú, eyín rẹ̀ yọ, ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa. Àgbà rẹfirí ni Charles Corver, ọmọ Hóláǹdì. Góòlù kíìkì ló fún Jámánì. Kò yọ káàdì kankan. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dá a bẹ́ẹ̀, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ tèmi?

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, àpẹẹrẹ yẹn ta ko ẹ̀yin fúnra yín. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù náà. Jámánì ló borí nígbà tí wọ́n gba pẹ́náritì lẹ́yìn ọ̀mì mẹ́ta sí mẹ́ta. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ka àwọn ẹjọ́ tí wọ́n dá gbọ̀ọ́rọ̀ jù nínú Ife Àgbáyé, wọn kì í gbàgbé ti Battiston. Àṣìṣe àgbà kì í di òfin fún ọmọdé.

Ẹ̀GBỌ́N: (Ó rẹ́rìn-ín.) O ò ṣe kékeré. Ó dáa, èmi náà fẹ́ bi ọ́. Ká ní ńṣe ni aṣọ́lé kàn tì í díẹ̀, tí ó ṣubú, tí ó dìde, tí ó gbọn eruku nù, ṣé ò bá wá síbí láàárọ̀ yìí?

ÀBÚRÒ: Bóyá n kì bá tí wá.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ gbọ́ ọ! Ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1994 ńkọ́? Ìgbà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà dé Ife Àgbáyé nìyẹn. Àwa àti Ítálì ni, ní Foxboro, lẹ́bàá ìlú Boston ní Amẹ́ríkà. Ọmọdé ni mí, àwa tí a wà nídìí tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo kò lóǹkà. Amuneke ti gbá ọ̀kan wọlé fún wa. Wọ́n lé Zola ọmọ Ítálì jáde. Ó ku ìṣẹ́jú méjì péré kí a borí, ni Roberto Baggio bá dá a padà. Nígbà tí a wọ àfikún àkókò, Benarrivo sáré wọ éétíìnì wa, Eguavoen fara gbá a, ó ṣubú. Eyín ta ló yọ? Kò sí. Àmọ́ rẹfirí, Brizio Carter ọmọ Mẹ́síkò, nàka sí ojú pẹ́náritì. Baggio gbá a, ó ba òpó, ó sì wọlé. Bí a ṣe lọ sílé nìyẹn. Gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ ló ní kò tó pẹ́náritì, pé fífara kanra lásán ni. Ìwọ ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ pé líle ni a fi ń wọn pẹ́náritì, Ítálì kò yẹ ní ohun tí wọ́n gbà. Ọmọ Nàìjíríà ni ọ́ o, dáhùn!

ÀBÚRÒ: (Ó dákẹ́ díẹ̀.) Ọ̀rọ̀ yìí le. Ọkàn mi ò fẹ́ gbà á. Àmọ́ bí mo bá fẹ́ sòótọ́, pẹ́náritì ni ti Ítálì náà. Ara ọkùnrin yẹn ni Eguavoen gbá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù, inú éétíìnì ló sì ti ṣe é.

Ẹ̀GBỌ́N: Tí kò sì le?

ÀBÚRÒ: Tí kò sì le. Ẹ̀yin gan-an lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ là mí lóye. Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ló ń sọ ọ́ di pẹ́náritì. Bí ó ṣe le tó ló ń sọ bóyá káàdì yóò tẹ̀ lé e, àti àwọ̀ káàdì náà. Ti Eguavoen, pẹ́náritì ni, ó tán síbẹ̀. Ti Schumacher, pẹ́náritì ni, káàdì pupa sì ni pẹ̀lú. Nígbà tí mo wọlé, eyín ọ̀rẹ́ mi ni mo fi ṣe ẹ̀rí. Mo ti mú ẹ̀rí yẹn kúrò. Bí eyín rẹ̀ ò tiẹ̀ mì, pẹ́náritì náà ni ì bá jẹ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọmọ aṣọ́lé yẹn ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo fi dá ọ lójú. Nígbà tí àwa ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń sọ pé àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ló ń jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣe wà títí di nǹkan bí ọdún 1995. Wọ́n ti mú un kúrò. Rẹfirí ò lè wo inú ọkàn ènìyàn. Ìṣe ẹni ló máa wò, bóyá onítọ̀hún fara balẹ̀ tàbí kò fara balẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: (Ó gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó dákẹ́.) Jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ọ. Bọ́ọ̀lù ni mo ń fi ojú bá lọ. Mo gbọ́ ìró ara wọn. Nígbà tí mo máa fi yíjú padà, ọ̀rẹ́ rẹ ti wà nílẹ̀, aṣọ́lé ń dìde lórí rẹ̀. Mo mọ̀ nínú ara mi pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo ti gbé fèrè dé ẹnu. Ni mo bá rí ọ, ìwọ àbúrò mi, o ń nàka sí ojú pẹ́náritì. Mo rò ó pé bí mo bá fọn ọ́n, gbogbo Ìsẹ́yìn á ní nítorí tìrẹ ni. Mo bá nàka sí góòlù kíìkì. Ìbẹ̀rù ló dá ẹjọ́ náà, kì í ṣe ojú mi.

ÀBÚRÒ: Háà! Ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti ń yẹ fídíò wò nínú Ife Àgbáyé bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Níbí, ojú méjì péré ni rẹfirí ní. Bí ó bá tún fi ìbẹ̀rù bò wọ́n lójú, kí ló kù? Eré ti parí, ìdájọ́ ò lè yí padà mọ́. Wọ́n ti gba ife lọ. Ṣùgbọ́n mo ṣe àṣìṣe.

ÀBÚRÒ: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Má tíì dúpẹ́. Èmi náà ní ẹjọ́. Nígbà tí eré parí, àwọn kan ń pariwo pé, "Olè! Ó ti gbowó!" Mo gbọ́ ohùn kan láàrin wọn tí mo mọ̀.

ÀBÚRÒ: (Ó dọ̀bálẹ̀.) Èmi ni. Ẹ forí jì mí. N ò rí i kí ẹ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àṣìṣe lẹ ṣe, mo sọ ọ́ di olè jíjà.

Ẹ̀GBỌ́N: Dìde. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Jẹ́ kí n kó òwú yìí pamọ́, ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

ÀBÚRÒ: Kí lẹ máa sọ fún un?

Ẹ̀GBỌ́N: Pé pẹ́náritì ni.

(Wọ́n jáde.)

ÀKÍYÈSÍ LÓRÍ ÀPẸẸRẸ YÌÍ

1. Ọ̀rọ̀ àti èsì: Wo bí Àbúrò ṣe sọ pé, "Mo gbà pé bọ́ọ̀lù ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀", kí ó tó béèrè ìbéèrè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ohun tí ó jẹ́ òótọ́ lẹ́nu alátakò kò tíì pàdánù. Ńṣe ni ó ń já igbó tí kò wúlò kúrò lọ́nà.

2. Agbára apá méjèèjì: Má ṣe sọ ẹnì kan di òmùgọ̀ kí ẹnì kejì lè borí. Ẹ̀gbọ́n ni ó mú àpẹẹrẹ ọdún 1994 wá, àpẹẹrẹ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Àbúrò mọ́lẹ̀. Láti inú ìṣòro yẹn ni òye gidi ti jáde.

3. Ẹ̀rí: Ọjọ́, ọdún, ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn wà nínú àpẹẹrẹ méjèèjì. Bí ọjọ́ kan kò bá dá ọ lójú, fi í sílẹ̀. Irọ́ kan ṣoṣo lè ba òótọ́ mẹ́wàá jẹ́ lójú ẹni tí ó ń máàkì.

4. Ọ̀wọ̀: Àbúrò lo "ẹ" àti "yín" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá nígbà tí inú ń bí i. Ẹ̀gbọ́n lo "o" àti "ọ". Olùdánwò tí ó bá ń da méjèèjì pọ̀ yóò pàdánù máàkì.

5. Ọ̀rọ̀ àyálò: Kọ "pẹ́náritì", "rẹfirí" àti "káàdì" ní ìlànà àkọtọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n fi orúkọ àwọn àjèjì bíi Battiston àti Platini sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́.

6. Ìlànà ìkọsílẹ̀: Orúkọ ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yóò wà ní apá òsì, àmì kólọ́ọ̀nù yóò tẹ̀ lé e. Inú àkámọ́ ni ìṣesí wọn yóò wà, kí ó sì ṣe ṣókí. A kò nílò àmì àyọlò.

7. Ìparí: Ìparí gbọ́dọ̀ jáde láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ. Má ṣe jẹ́ kí àgbà kan ṣàdédé yọjú láti parí ìjà tí kò mọ ìdí rẹ̀. Àpẹẹrẹ yìí gùn ju ohun tí a ń retí nínú ìdánwò lọ, nítorí pé a fẹ́ fi gbogbo kókó hàn. Ka iye ọ̀rọ̀ tí ìbéèrè bá béèrè, kí o sì dúró síbẹ̀.

IṢẸ́ ṢÍṢE

1. Tọ́ka sí ibi méjì tí Àbúrò ti gba ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n, àti ibi méjì tí Ẹ̀gbọ́n ti gba ti Àbúrò. Kí ni ìgbà kọ̀ọ̀kan ṣe fún àríyànjiyàn náà?

2. Kọ ọ̀rọ̀gbèsì tí ó wáyé láàrin aṣọ́lé inú àpẹẹrẹ yìí àti ìyá rẹ̀ nígbà tí ó délé pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

3. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 2000, Nàìjíríà àti Cameroon gba àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní Surulere, Èkó. Nígbà tí wọ́n ń gba pẹ́náritì, èyí tí Victor Ikpeba gbá ba ọ̀pá òkè, ó sì bọ́ sílẹ̀. Rẹfirí ní kò wọlé. Cameroon ni ó gba ife náà. Kọ ọ̀rọ̀gbèsì láàrin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù méjì ní Ṣakí lórí ẹjọ́ yìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbè sẹ́yìn rẹfirí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní láárí.